Abẹ́rẹ́ Tó Kọ̀ Láti Dúró

Ìwọ̀n kan wà láyé yìí tó lè wọn orúkọ ènìyàn. Kí ẹnikẹ́ni má tíì sọ pé àsọdùn ni. Àsọdùn ń bọ̀ níwájú, ẹ fi sùúrù dúró dè é. Bí o bá fi bébà pélébé kan sórí àwo ìwọ̀n náà, tí o wọ̀n ọ́n, tí o wá mú pẹ́ńsù, tí o kọ orúkọ rẹ sí i lára, tí o tún un wọ̀n, abẹ́rẹ́ ìwọ̀n á sún. Dúdú fẹ́ẹ́rẹ́ tó jábọ́ lẹ́nu pẹ́ńsù, èyí tí èémí ọmọ ìkókó lè fẹ́ dànù, ìwọ̀n náà mọ̀ ọ́n lẹ́rù. Wọ́n ní orúkọ tó gùn a máa wúwo ju orúkọ tó kúrú lọ. Wọ́n tún ní ẹ̀fọn kan bà sórí àwo rẹ̀ rí, tó fò lọ jẹ akọ̀wé, tó tún padà wá bà, tí gbogbo ènìyàn sì mọ iye ẹ̀jẹ̀ tó mu. Ti ẹ̀fọn yẹn, ẹ má fi gbogbo ara gbà á.

Nínú ilé tí ìwọ̀n yìí wà ni obìnrin kan ti ń ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlá. Ilé Ìwọ̀n ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ ni àwọn apoògùn àti àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń kó ọmọ ìwọ̀n wọn wá, àwọn irin kéékèèké tí wọ́n fi ń wọn nǹkan, kí wọ́n lè mọ èyí tó ṣì péye àti èyí tí kò péye mọ́. Obìnrin náà mọ iṣẹ́. Bó bá fi ẹ̀mú gbé ọmọ ìwọ̀n tí kò ju ẹyin iná orí lọ, bí ẹni gbé ẹyin adìẹ ni lójú rẹ̀. Kò já a bọ́ rí. Ẹnu rẹ̀ kì í dùn jù, kì í sì í korò jù. Ó kàn máa ń dáhùn gẹ́gẹ́ bí wọ́n bá ṣe bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo ló dá: alùpùpù ló ń gùn wá síbi iṣẹ́.

Alùpùpù náà ti pupa nígbà kan. Nísinsìnyí, ó ti di àwọ̀ kan tí kò lórúkọ. Bàbá rẹ̀ ló tò ó pọ̀ láti ara òkú alùpùpù mẹ́ta: orí ti ọ̀kan, inú ti èkejì, ẹsẹ̀ ti ẹ̀kẹta. Mẹkáníìkì ni bàbá. Ogójì ọdún tó fi ń tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì ti gba etí rẹ̀ méjèèjì lọ, kò gbọ́ ààrá mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má káàánú rẹ̀ o. Bí oníbàárà bá gbé alùpùpù wá, bàbá kì í béèrè ohun tó ń ṣe é. Á ní kí wọ́n tan án, á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé táǹkì epo bí ìyá ṣe ń gbé ọwọ́ lé iwájú orí ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná, á dijú, á sì sọ pé, "Pọ́lọ́ọ̀gì yìí ń parọ́ fún ẹ. Yọ ọ́."

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ wà ní ọmọ ọdún méje, ó máa ń fà á lọ́wọ́, á tẹ́ ọwọ́ kékeré náà sábẹ́ tirẹ̀ lórí táǹkì.

"Kí lo gbọ́?"

"Ó ń lù, Bàbá."

Bàbá máa ń wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni ń kàwé. "Mo mọ̀ pé ó ń lù. Òkú kì í lù. Ẹ̀ẹ̀melòó ló lù, ẹ̀ẹ̀melòó ló fò?"

Títí ọmọ náà fi lè dáhùn, wọn ò ní jẹun. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dàgbà tó mọ ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ kó tó mọ̀ ọ́n létí.

Ní Ilé Ìwọ̀n, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ló tò sí ọgbà lọ bẹẹrẹ, wọ́n mọ́, wọ́n ń dán, bí eyín ẹni tí kò jẹ ṣúgà rí. Alùpùpù nìkan ló máa ń dá dúró lẹ́bàá ògiri. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀, ẹni tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Onítáì, nítorí pé ó máa ń fún táì mọ́ ọrùn débi pé bó bá rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ nìkan ló máa ń rẹ́rìn-ín, ara yòókù á ṣì ń wá èémí. Òun ló sọ obìnrin náà ní Ìyá Eléruku.

"Ẹ kú àárọ̀ o, Ìyá Eléruku! Ṣé ẹ ti gbọn afẹ́fẹ́ kúrò létí?"

"Mo ti gbọn ọ́n. Mo fi díẹ̀ pa mọ́ fún ẹ, kí táì ẹ lè rí nǹkan mí."

Ẹ̀rín nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kan ò jọ ẹ̀rín kan. Lọ́jọ́ kan, wọ́n lẹ bébà mọ́ ibi tí wọ́n ń gbé aṣọ kọ́: *Aṣọ nìkan ni ìkọ́ yìí wà fún.* Ẹyọ ohun kan ṣoṣo tí kì í ṣe aṣọ lórí ìkọ́ náà ni àṣíborí tí obìnrin yìí ń dé gun alùpùpù. Kò jà. Ó mú un lọ fún Bàbá Géètì, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, pé kó máa bá òun tọ́jú rẹ̀. Bàbá Géètì yẹ̀ ẹ́ wò, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó fi bo búrẹ́dì rẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ má bínú. Eṣinṣin ọgbà yìí ò bẹ̀rù Ọlọ́run, ṣùgbọ́n wọ́n bẹ̀rù àṣíborí."

Bí àlejò pàtàkì bá ń bọ̀, ọ̀gá àgbà, obìnrin kan tí kì í gbé ohùn sókè nítorí pé kò nílò rẹ̀, á ránṣẹ́ pé kí Ìyá Eléruku gba ẹ̀yìn wọlé. "Ó mọ iṣẹ́, n ò jiyàn," ni ọ̀gá máa ń wí. "Ṣùgbọ́n kí ni àlejò máa rò?" Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi ń ro ohun tí àlejò máa rò. Kò sí àlejò kankan tó sọ ohun tó rò.

Gbogbo èyí, obìnrin náà gbé e mì, nítorí ohun kan: yàrá tó wà ní ìsàlẹ̀ ilé, níbi tí ìwọ̀n àrà ọ̀tọ̀ yẹn wà.

Ìlẹ̀kùn méjì ló ṣíwájú yàrá náà. Àárín rẹ̀ ni òkúta ńlá kan wà, ó fẹ̀ tó ìlẹ̀kùn àbáwọlé, ẹsẹ̀ òkúta náà sì la ilẹ̀ ilé kọjá, ó wọ inú erùpẹ̀ lọ́hùn-ún, kò fara kan ilé rárá. Bí gbogbo ilé bá ń mì, òkúta ò ní bá a mì. Orí òkúta yìí ni ìwọ̀n jókòó sí nínú àpótí gíláàsì bí ọba inú àwòrán. Bí a bá gbé ẹrù lé e, abẹ́rẹ́ rẹ̀ á fì sọ́tùn-ún, á fì sósì, á máa rọlẹ̀, á máa rọlẹ̀, títí á fi dúró bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ohun tó ń wá. Ìgbà àkọ́kọ́ tí obìnrin náà rí i tó dúró, ó gbàgbé pé òun ní ẹsẹ̀. Ó ní ṣe ló dà bíi pé ayé dákẹ́ kó lè gbọ́ ohun tí ìwọ̀n fẹ́ sọ.

Bàbá Òṣùwọ̀n ló ń tọ́jú yàrá náà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ kọ́rùn pẹ̀lú okùn funfun. Òfin rẹ̀ ò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n le. Bọ́ aago ọwọ́. Wọ ìbọ̀wọ́. Má sọ̀rọ̀ nígbà tí abẹ́rẹ́ bá ń rìn. Èyí tó ga ju gbogbo rẹ̀ lọ: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fara kan òkúta.

Òpin oṣù ni Bàbá Òṣùwọ̀n máa fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá sì fa kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́ ni yóò jókòó síwájú ìwọ̀n náà títí tirẹ̀ náà á fi pé. Ẹni méjì péré ni iṣẹ́ wọn tó o: Onítáì àti Ìyá Eléruku. Nínú ayé obìnrin yìí, kò sí ohun tó fẹ́ tó kọ́kọ́rọ́ yẹn.

Oṣù mẹ́rin ṣáájú ìgbà náà ni nǹkan ti bà jẹ́. Abẹ́rẹ́ kọ̀, kò dúró mọ́. Á fì, á rọlẹ̀, tó bá wá ku díẹ̀ kó sinmi, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, gbígbọ̀n kékeré, bí ètè ẹni tó fẹ́ sunkún. Ọmọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà pọ̀ jọ nínú àpótí. Bàbá Òṣùwọ̀n tú ìwọ̀n palẹ̀, ó tún un tò, ó ti fèrèsé, ó lé aláǹgbá. Abẹ́rẹ́ ń gbọ̀n síbẹ̀. Ó wá gbójú sókè láti wá ẹni tó ṣe é, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí alùpùpù.

"Ohun tó ń gbọ̀n ló ń mú ohun míràn gbọ̀n," ló wí.

Kíá ni gbogbo ilé gbà á. Ọ̀gá àgbà pe obìnrin náà sí ọ́fíìsì.

"Fún ọ̀sẹ̀ méjì, alùpùpù yẹn ò gbọdọ̀ wọ ọgbà yìí, kò sì gbọdọ̀ dé àdúgbò yìí. Tí abẹ́rẹ́ bá dúró, a ti mọ ibi tí àìsàn ti wá. Ẹni tó máa gba kọ́kọ́rọ́ ò ní gun alùpùpù mọ́ láéláé."

"Tí kò bá dúró ńkọ́, Mà?"

Ọ̀gá wo fèrèsé. "Tí kò bá dúró, a óò tún ọ̀rọ̀ sọ."

Ó délé, ó jókòó síwájú bàbá rẹ̀, ó la ẹnu dáadáa kí bàbá lè rí gbogbo rẹ̀ kà. Bàbá kà á tán, ó nu ọwọ́ sára àkísà.

"Alùpùpù ni wọn ò fẹ́ ni, àbí ìwọ?"

"Wọ́n ní a ti di ọ̀kan."

"Ìyẹn ò burú. Alùpùpù dáa." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Tó o bá fẹ́ kọ́kọ́rọ́ yẹn tó bẹ́ẹ̀, rìn. Ẹsẹ̀ náà, ẹ́ńjìnnì ni. Kì í mu epo, ata ló ń mu."

Ó rìn. Orí òkè lẹ́yìn ìlú ni ilé wọn wà, ìrìn wákàtí kan àti ààbọ̀ ni, lọ. Kí a má tíì ka bọ̀. Ó rìn títí bàtà rẹ̀ fi ya ẹnu bí ẹni fẹ́ bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, àwọn òkúta ojú ọ̀nà ti mọ̀ ọ́n, wọ́n ń yà fún un. Alùpùpù wà nílé lábẹ́ aṣọ, bàbá ń tan án láràárọ̀, ó ń gbé ọwọ́ lé e, pé kó má baà rò pé wọ́n ti kọ òun sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan pé. Abẹ́rẹ́ ń gbọ̀n. Ọ̀sẹ̀ kejì pé. Ó ń gbọ̀n.

Ẹ̀ bá rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹnu ènìyàn kì í tán bọ̀rọ̀. Onítáì ní eruku rẹ̀ ṣì wà lára ògiri. Bàbá Òṣùwọ̀n mi orí bí adájọ́.

"Kì í ṣe alùpùpù tó fi sílé. Gbígbọ̀n tó ti wọ inú ara rẹ̀ ni. Ọdún mọ́kànlá! Ara rẹ̀ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ̀n. Kí ó dé ẹnu ọ̀nà lásán, ìwọ̀n ti mọ̀."

Obìnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ó mọ̀ lóòótọ́ pé bí òun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù, ọ̀nà máa ń wà lọ́wọ́ òun fún ìgbà díẹ̀, ó máa ń rìn wọ́nwọ́n nínú àtẹ́lẹwọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé láràárọ̀, kó tó fọwọ́ kan ẹ̀mú, ó máa ń jókòó, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, á dúró títí ọ̀nà á fi jáde. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ wá kì í dúró. Wọ́n gbà pé ọwọ́ àwọn ò gbọ̀n.

Ọ̀gá àgbà ní kí wọ́n dán àwọn méjèèjì wò lójú òun. Bébà kan, pẹ́ńsù kan. Kí oníkálùkù wọn bébà, kó kọ orúkọ, kó tún un wọ̀n. Tí abẹ́rẹ́ bá dúró fún Onítáì, tí ó sì gbọ̀n fún obìnrin náà, kò sí ẹjọ́ mọ́: Onítáì ló ni kọ́kọ́rọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ yàrá: ọ̀gá àgbà, Bàbá Òṣùwọ̀n, àti àwọn méjì tó ń du kọ́kọ́rọ́. Onítáì ló kọ́kọ́ jókòó. Bàbá Òṣùwọ̀n dúró sí ìkángun òkúta, ó na ọrùn síwájú kó lè rí abẹ́rẹ́ dáadáa. Onítáì gbé bébà lé àwo. Abẹ́rẹ́ fì, ó rọlẹ̀, ó rọlẹ̀... ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Nítorí pé obìnrin yẹn wà níbí ni," ni Bàbá Òṣùwọ̀n wí. "Jọ̀ọ́, jáde ná."

Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Abẹ́rẹ́ ń gbọ̀n.

"Ó ń mí lẹ́nu ọ̀nà. Sún síwájú sí i."

Ó sún títí ó fi kan àtẹ̀gùn. Abẹ́rẹ́ ń gbọ̀n. Òógùn bo Onítáì, ó tú táì rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbà á síṣẹ́. Ọ̀gá àgbà ní ó tó, kí wọ́n pe obìnrin náà wọlé.

Ó jókòó. Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún. Ìṣẹ́jú kan lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ.

"Kí lẹ ń dúró dè?" ni ọ̀gá béèrè.

"Mo ń jẹ́ kí ọ̀nà jáde lọ́wọ́ mi, Mà."

Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dákẹ́, ó gbé bébà lé àwo, ó ti ìlẹ̀kùn gíláàsì, ó sì ká ọwọ́ padà sórí orúnkún. Abẹ́rẹ́ fì, ó rọlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bàbá Òṣùwọ̀n fa èémí bí ẹni tó ti jàre. Kọ́kọ́rọ́ ń lọ; obìnrin náà rí i bó ṣe ń lọ. Àmọ́ kò wo ẹnikẹ́ni. Abẹ́rẹ́ ló ń wò. Oṣù mẹ́rin ni gbogbo wọn ti fi ń bá gbígbọ̀n náà jà, kò sí ẹni tó jókòó gbọ́ ohun tó ń wí.

Ó lù lẹ́ẹ̀mejì. Ó fo ọ̀kan. Ó lù lẹ́ẹ̀mẹta. Ó fo ọ̀kan.

Kò mọ ìgbà tó bọ́ ìbọ̀wọ́. Ó na ọwọ́ lásán, ó sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sórí òkúta.

"Ó fọwọ́ kan òkúta!" Bàbá Òṣùwọ̀n kígbe. "Lójú mi!"

Kò gbọ́. Ó ti dijú. Ó ti di ọmọ ọdún méje, ọwọ́ bàbá rẹ̀ sì wà lórí tirẹ̀. Nínú òkúta tútù yẹn, ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹ́ńjìnnì kékeré kan ń ṣiṣẹ́. Ó lù lẹ́ẹ̀mejì, ó fo ọ̀kan. Kì í ṣe ọkọ̀ tó wà níta. Ọkọ̀ kì í lọ́ra tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ọwọ́ òun. Ó la ojú, ó wo gígùn òkúta náà láti orí dé ìdí, ó sì rí i. Bàbá Òṣùwọ̀n ti fi àyà ti ẹ̀gbẹ́ òkúta. Ẹ̀wù iṣẹ́ funfun rẹ̀ ká mọ́ etí òkúta, ọrùn rẹ̀ nà, ojú rẹ̀ fún pọ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú koríko.

"Bàbá," ló wí jẹ́jẹ́, "ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ kan."

"Èmi? Nínú yàrá mi? Ìwọ tó o gun..."

"Ẹ sún, Bàbá," ni ọ̀gá àgbà wí.

Bàbá sún sẹ́yìn. Obìnrin náà gbé ọwọ́ kúrò lórí òkúta. Abẹ́rẹ́ fì lẹ́ẹ̀kan, ó fì lẹ́ẹ̀kejì, ó rọlẹ̀, ó rọlẹ̀. Ó dúró.

Ó dúró gbọnrangandan. Oṣù mẹ́rin! Onítáì gbé ọwọ́ sókè láti tọ́ka sí i, ọwọ́ náà sì gbàgbé láti sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ padà síbi tẹ́ ẹ wà," ni obìnrin náà wí.

Bàbá fi àyà ti òkúta bí ẹni tí wọ́n ń tì. Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó lù lẹ́ẹ̀mejì, ó fo ọ̀kan.

"Ọkàn yín nìyẹn, Bàbá."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ rò ó wò. Ọkùnrin kan dúró síbẹ̀, ẹni àádọ́rin ọdún ó dín díẹ̀, ó ń fi ojú ara rẹ̀ wo ọkàn ara rẹ̀ lára abẹ́rẹ́. Ohun tí ẹran ara bò, tí egungun ìhà bò, tí ẹ̀wù bò, ó ń rìn ní gbangba níwájú ènìyàn mẹ́rin. Ó gbé ọwọ́ sí àyà. Ó tún gbé e kúrò.

Onítáì ni ìyanu náà kọ́kọ́ tú sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wo tèmi." Ó fi àyà ti òkúta, abẹ́rẹ́ sì ń sáré tete bí ẹsẹ̀ ewúrẹ́ tí ajá ń lé, ṣùgbọ́n kò fo ọ̀kan. Ó wò ó, ó ní, "Háà! Èmi rèé," omi sì bọ́ lójú rẹ̀ láìnídìí. Ọ̀gá àgbà bọ́ yẹtí rẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó fi àyà kan òkúta. Gbogbo ilé ti máa ń sọ pé kò ní ọkàn. Ó ní in. Ó ń lù jẹ́jẹ́, déédéé, bí ẹni ń gún nǹkan fún ọmọ tó ń ṣàìsàn. Wọ́n ti gbàgbé ìdánwò. Wọ́n ti gbàgbé ta ló ń fi kí ni wá síbi iṣẹ́.

Obìnrin náà nìkan ni kò gbàgbé ohun tó gbọ́.

"Bàbá, ti àwọn yìí ò fò. Tiyín ń fò. Ká ní alùpùpù ni yín, bàbá mi ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ jáde ní ṣọ́ọ̀bù lónìí."

Bàbá Òṣùwọ̀n jókòó. Ìgbà yẹn ló tó jẹ́wọ́. Ojú rẹ̀ ló ti di bàìbàì, láti oṣù mẹ́rin. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Kó lè rí abẹ́rẹ́, ó ní láti sún mọ́ ọn. Kó lè sún mọ́ ọn, ó ní láti fara ti òkúta. Òun tó ṣòfin náà ló ń rú u lójoojúmọ́. Ó tún ní àtẹ̀gùn ti ń gùn sí i láìpẹ́ yìí. Òun rò pé àtẹ̀gùn ló yí padà.

Ọkọ̀ ọ̀gá àgbà ló gbé e lọ sí ọsibítù. Ọjọ́ méjìlá ló lò níbẹ̀. Dókítà ní ká ní ó dúró dìgbà tó máa fẹ̀yìn tì, ìdágbére míràn ni wọn ì bá ṣe fún un. Wọ́n fi ẹ̀rọ ya ìlù ọkàn rẹ̀ sórí bébà, wọ́n gbé e fún un pé kó wá wo ìyanu. Bàbá ní, "Mo ti rí i tẹ́lẹ̀. Èyí tí mo rí dáa jù."

Lọ́jọ́ tí oṣù parí, ó dé. Awò ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Kò kọ́kọ́ wọlé. Ọ̀dọ̀ Bàbá Géètì ló yà sí.

"Àṣíborí dà?"

"Búrẹ́dì wà lábẹ́ rẹ̀, Bàbá."

"Wá ibòmíràn fún búrẹ́dì."

Ó gbé àṣíborí náà wọlé níwájú gbogbo ènìyàn, ó já bébà òfin kúrò lára ògiri, ó sì gbé àṣíborí kọ́ sórí ìkọ́ àkọ́kọ́, èyí tó sún mọ́ ìlẹ̀kùn jù. Ó bọ́ okùn funfun lọ́rùn, ó ju kọ́kọ́rọ́ sínú àṣíborí. Ó dún kenken.

"Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń wo nǹkan yìí," ló sọ fún obìnrin náà. "N ò wo orí tó wà lábẹ́ rẹ̀ rí." Obìnrin náà fẹ́ kúnlẹ̀, bàbá dì í mú léjìká. "Dìde, dìde. Má mú kí ọkàn mi tún fò."

Onítáì dúró títí àwọn yòókù fi lọ, ó sún mọ́ ọn. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ lè gbé mi dé ìsàlẹ̀ òkè lọ́jọ́ kan? Mo fẹ́ mọ bó ṣe máa ń rí lára."

"Bọ́ táì kọ́kọ́ ná. Afẹ́fẹ́ á fi pa ẹ́."

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, tí kò sí iṣẹ́, ó gbé bàbá rẹ̀ sẹ́yìn alùpùpù, wọ́n sì gba ẹnu géètì ńlá wọlé. Bàbá bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹnì kan ní kó bọ́ ọ. Ó wo ìwọ̀n nínú àpótí gíláàsì rẹ̀. Ó wò ó pẹ́, bí ọ̀gá iṣẹ́ ṣe ń wo iṣẹ́ ọ̀gá míràn. Ọmọ rẹ̀ fà á sún mọ́ òkúta, ó fi hàn án bó ṣe máa fi àyà tì í.

Abẹ́rẹ́ mì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lù.

Láti ìgbà tí etí rẹ̀ ti lọ, bàbá yìí ti fi ọwọ́ gbọ́ gbogbo ẹ́ńjìnnì tó wà nílùú, àyàfi ọ̀kan. Òun náà rèé níwájú rẹ̀, ó ń rìn. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé òkúta, ó dijú, ó kà á dáadáa, kò kánjú.

"Ti àtijọ́ ni," ló wí. "Ṣùgbọ́n kò tíì fo ọ̀kan."

Ó la ojú, ó sì ṣẹ́jú sí ọmọ rẹ̀ pé kí òun náà wá. Ọmọ gba ẹ̀gbẹ́ kejì òkúta, ó fi àyà tì í. Abẹ́rẹ́ ń lù, ìlù rẹ̀ wọra, méjì di ọ̀kan, ọ̀kan tún di méjì, kò sí ẹni tó lè yà wọ́n.

"Ta ló ń lù yìí?" ni bàbá béèrè, ó gbójú sí ẹnu ọmọ rẹ̀ kó lè ka èsì. "Ìwọ ni àbí èmi?"

Ó fẹ́ dáhùn. Ṣùgbọ́n òun ló ni kọ́kọ́rọ́ báyìí, òfin yàrá sì ni pé a kì í sọ̀rọ̀ nígbà tí abẹ́rẹ́ bá ń rìn. Ó pa ẹnu mọ́, ó rẹ́rìn-ín, wọ́n sì jọ ń wò ó.